Omi Inú Amọ̀ Gbígbẹ

Yèyé mi fi ahọ́n tọ́ amọ̀ wò létí odò,
ó tu ú dànù, ó ní iyanrìn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀,
kí n gbẹ́ ẹ jìn sí i.
Èmi yọ òṣùwọ̀n oníbátìrì jáde nínú ọ̀rá,
mo wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù, mo kọ ọ́ sínú ìwé.
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ
tó ń ka hóró ìrẹsì kó tó jẹ ẹ́.

Ní Ìṣàn wa níbí, ìkòkò kì í yí.
Ìkòkò á jókòó, obìnrin á máa yí i po.
Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń fẹ̀yìn rìn yí i ká,
títí ẹ̀yìnkùlé wa fi ní ọ̀nà róbótó kan
tí koríko kò hù sí mọ́.

Ẹ̀yin tó rò pé amọ̀ tó gbẹ ti gbẹ tán,
ẹ tún un rò.
Oòrùn á mu omi odò, á mu omi ọwọ́;
omi kan ṣì kù tí ọwọ́ oòrùn kò tó,
omi tí kò tutù, tí kò ṣeé fún,
tó so mọ́ amọ̀ bí orúkọ ṣe so mọ́ ènìyàn.
Iná pípọ́n nìkan ló lè bẹ̀ ẹ́ kó jáde.
Ọjọ́ tó bá sì jáde, amọ̀ ò ní di ẹrẹ̀ mọ́ láé.
Bí a bá ro oko, tí ọkọ́ kan àpáàdì ìyá ìyá wa,
òjò igba ọdún ò rí i tú.

Omi èèpo èso igi irú ni Yèyé ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná.
Ṣàà! Ìkòkò mu ún, ó dúdú, kò jò mọ́.
Èmi ní dígí ni mo fẹ́ wọ̀ fún tèmi.

Òkúta funfun láti Ìjerò, mo gún un, mo sẹ́ ẹ.
Ṣùgbọ́n òkúta kì í dá yọ́. Eérú ló ń tàn án.
Eérú tí a ní kò sì ju àpò kan lọ,
èèpo kòkó oko bàbá mi lọ́nà Ìlafọ̀n,
oko tí ẹbí tà kí òkú tó pé ogójì ọjọ́.
Yèyé ń fi ṣe ọṣẹ. Ó bù ú fún mi, kò sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́, eérú pọ̀ jù:
dígí ṣàn bí ikun imú, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ààrò.
Ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde, ó ń dán. Mo jó.
Lóru a gbọ́ ọ lórí pẹpẹ: tín. Tín-ín.
Ilẹ̀ mọ́, ìlà wẹ́wẹ́ ti gba gbogbo ara rẹ̀.

Yèyé gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.
"Ẹ̀wù yìí fún un jù.
Bí iná ti kú, àwọn méjèèjì ń sún kì,
ẹ̀wù wá ń sún kì ju ara lọ.
Kí ni kò ní fàya?"
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ wa ní Políì fi kọ́ wa ní nǹkan yẹn,
pẹ̀lú pátákó àti ẹfun.

Mo lọ akọ òkúta kún un, kí ẹ̀wù lè dẹ̀.
A tún dáná. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti ààrò.
Irin inú amọ̀ ṣe bó ti máa ń ṣe:
ibi tí afẹ́fẹ́ tó o, ó pọ́n bí ẹyin iná;
ibi tí èéfín há a mọ́,
ó gba àwọ̀ kòkó tí kò tíì pọ́n.

Yèyé fi èékánná kàn án. Ó dún, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.
Ó fi àtàǹpàkò ra ibi tútù yẹn, lọ, bọ̀.
"Eérú bàbá rẹ, mélòó ló kù?"
Ẹgbẹ̀rin gíráàmù, mo ní.

"Kọ ọ́ sílẹ̀."