Ó Dín Mẹ́ta

Nínú ilé ìdáná ìyá-ìyá mi, Teodora Janik,
ní Harlow, létí odò Ohio,
yìnyín ń fi èékánná ha gíláàsì fèrèsé.
Kọfí ti tutù. Ìwé àkọsílẹ̀ ló kún orí tábìlì,
ó fi ṣíbí tẹ ojú ewé kan mọ́lẹ̀ kó má baà padé.
Bohdan, àbúrò rẹ̀, jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀,
ó ti bọ́ eyín rẹ̀ sínú ife, ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi.
Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí wọ́n ti ń fa ìjà kan náà:
nínú àwọn méjì yìí, ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù?

Emmett Vasko gbá bésíbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Arọrin
fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀wù kan ṣoṣo,
àpótí aṣọ kan ṣoṣo, abẹ́ òrùlé tó ń jò.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó dín mẹ́ta
ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó bọ́ sí koríko níbi tí ọwọ́ ẹnì kan kò tó.
Ó dín mẹ́ta.
Bí a bá ti ń pe iye rẹ̀, ohun tí kò ní là ń pè.

Crispín Olivo tí ó ti erékùṣù wá,
ẹ̀wù ẹgbẹ́ méje ló wọ̀.
Ẹgbẹ́ Ẹyẹ Òkun tà á fún ẹgbẹ́ Awakùsà,
Awakùsà fi pààrọ̀ ajùbọ́ọ̀lù kan tí èjìká ń dùn,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri títí irun rẹ̀ fi funfun.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé mọ́kànlá ni tirẹ̀,
kò sì sí ògiri pápá kan tó gbé orúkọ rẹ̀.
Nínú ìwé Ẹyẹ Òkun, òun ni ẹni kẹtàdínlógún.
Nínú ti Awakùsà, ìsàlẹ̀ ewé ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàwọ́n bọ́tà.

"Ẹni tó lé ju ẹni tó dín lọ," Bohdan wí.
"Ìṣirò ni. Kì í ṣe àánú."
Ìyá-ìyá mi ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù.
"Pápá ibo ni Olivo tìrẹ ti gbá a?
Lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́,
bọ́ọ̀lù a máa lọ bí ẹni tí wọ́n pè láti ilé.
Níbí, ìrì odò àti èéfín irin ń fà á lẹ́sẹ̀."

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Arọrin ti kó lọ.
Olówó kan rà wọ́n, ó kó wọn lọ sí aṣálẹ̀ Arizona,
ó yí orúkọ wọn padà, ó kó àwọ̀n, ó kó bẹ́ǹṣì,
ó kó Vasko àti gbogbo iye rẹ̀ mọ́ ẹrù.
Orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá lára ògiri tuntun,
lójú àwọn ọmọ tí kò gbọ́ rí pé Harlow wà láyé.
Pápá tiwa ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn.

Ní aago mẹ́sàn-án, ó ṣí ìwé mìíràn.
Ọjọ́ Àìkú kan, oṣù kẹfà.
Vasko gbá méjì dáadáa kí òjò tó dé,
eré kò pé, òfin sì ní ọjọ́ náà kò sí.
Méjì náà rèé, dúdú kirimú,
kò pa wọ́n rẹ́.

Bohdan ka ìka rẹ̀. "Ó ṣì ku ọ̀kan."

"Mo mọ̀."
Ó ti ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ kan.
"Èmi ni akọ̀wé lọ́jọ́ náà, èmi obìnrin kan ṣoṣo nínú àgọ́.
Bọ́ọ̀lù náà kan ìbọ̀wọ́ ọmọkùnrin tó wà lápá òsì, ó bọ́.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní àṣìṣe ọmọ náà, n kò fún Vasko.
Ó wo òkè, ó wá ojú mi rí."

Yìnyín dákẹ́ díẹ̀ lára gíláàsì.

"Ọmọ yẹn ìbá mú un," ó wí,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbòjú rẹ̀, tó wà lójú rẹ̀.