Báwo Ló Ṣe Ń Dákẹ́?

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Barnsley.
Mo fi káàdì báńkì ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì, háráhárá,
mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́:
ká-ká-ká-ká.
Mo tún un yí.
Ká-ká. Ká.
Nígbà kẹta, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè gbèsè.

Màmá Winifred ń bẹ lórí ibùsùn ní Worsbrough,
ẹni tí n óò gbé dìde, tí n óò wọ ìbọ̀sẹ̀ fún.
Kì í wo aago;
ìró táyà mi lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni aago tirẹ̀.

Mo pe Làmídì, àbúrò mi, mẹkáníìkì ní Ìwó.
Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí mi ò pè é.
Ọ̀rọ̀ ilé Bàbá ni; ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ mi kò sítáàtì."
Kò kí mi, kò bú mi.
"Má wulẹ̀ sọ pé kò sítáàtì. Báwo ló ṣe ń kọ̀?
Bó bá ń ṣe ká-ká-ká, bátìrì ló rẹ̀.
Bó bá ṣe kọ̀, ẹyọ kan, sítátà nìyẹn.
Bó bá ń yí kùrùkùrù bí ẹni ń lọ ata,
tí kò gbiná, wá epo lọ, tàbí pọ́ọ̀gì."
"Bó bá dákẹ́ pátápátá ńkọ́?"
Òun náà dákẹ́ díẹ̀.
"Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ló bàjẹ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Mo fi eyín di fóònù mú kí iná rẹ̀ lè tàn sí i;
Làmídì ń gbọ́ èémí mi ní Ìwó.
Ìpẹtà funfun ti hù bí olu lórí bátìrì.
"Omi gbígbóná. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Kí o wá fi sípánà dè é.
Mo mọ̀ pé o ò ní sípánà."
N ò ní lóòótọ́.

Gordon ṣílẹ̀kùn ní ojúlé kejì,
arúgbó awakùsà tí kì í sọ ju "káàárọ̀" lọ,
tòun ti sálúbàtà, tòun ti aṣọ oorun,
ó fi wáyà pupa àti dúdú kọ́ ọrùn,
ó na sípánà sí mi bí ẹni na iyọ̀.
Làmídì ń sọ, èmi ń túmọ̀, Gordon ń mirí,
bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe é tán kí n tó túmọ̀ dé ìdajì.

Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ká.
Lẹ́yìn náà, gìrì, gbùùùù!
Èéfín bo ojúlé mẹ́ta.
Gordon fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́ẹ́, ó padà sínú oorun rẹ̀.

"Má tíì pa á," ni Làmídì wí.
"Ohun tó ń pa bátìrì ni kí a gbé e jókòó pẹ́."
Ọkọ̀ ló ń sọ, mo rò pé ọkọ̀ ni.
Kò pa fóònù. Èmi náà ò pa á.
Mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, a jọ gun òkè Worsbrough,
mo ń gbọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ju irin sílẹ̀ ní Ìwó,
kọ̀,
kọ̀.