Ẹṣin Mẹ́tàdínlógún

Ìyá àgbà Dulmaa jókòó sẹ́nu àgọ́,
ó ń fún wàrà ewúrẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè tán,
ó ní, "Ẹṣin wa ti ń bọ̀ lẹ́bàá òkè.
Mẹ́tàdínlógún. Abo pupa nì ń tiro."
Mo dìde. Mo gun àpótí.
Mo fún ojú pọ̀ títí ó fi kéré bí ihò abẹ́rẹ́.
Èéfín ni mo rí, èéfín tó ń mì.
Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó,
bí ọmọdé gun igi, kò ní rí i.
Ọ̀dàn Mòngólíà ò nígi.
Ẹ má fi òwe pa mí lẹ́kún.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí.
Batbileg àbúrò mi, tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ,
ń ka ìwo ewúrẹ́ lódìkejì odò.
Ọmú kan náà la jọ mu.
Òun da ẹran. Èmi wọ Ulaanbaatar:
ènìyàn mẹ́jọ nínú yàrá, gílóòbù kan,
fèrèsé tí èéfín èédú ti kùn dúdú,
ìdánwò lórí ìdánwò.
Oòrùn ń yọ, oòrùn ń wọ̀,
àgbọ́sọ ni gbogbo rẹ̀ létí mi.

Dókítà Enkhsaikhan fi iná yẹ inú ojú mi wò.
Kò bú ìwé. Ó ní ìwé nìkan kọ́.
Ó ní ó jọ pé ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba
ló ń sọ fún ẹyinjú ọmọdé pé, "Ó tó, dúró níbẹ̀."
Ojú tí kò gbọ́ ohùn yẹn, gígùn ni yóò máa gùn,
bí àlùbọ́sà tí a gbàgbé sínú àpò,
tó ń na ọrùn funfun wá ojú ọ̀run.
Mo ní, "Bí mo bá padà sọ́dàn, ṣé á súnkì?"
Ó nu awò, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e sójú.
Koríko ya ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí irun orí.
Abo pupa nì nìyí, ó ń tiro lóòótọ́.
Mo kà wọ́n: méjìdínlógún.
Mo tún wọn kà.
Ọmọ tuntun kan fara pamọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná.
N kò tíì sọ fún Ìyá àgbà.

Yesui, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé ìwé ábídí tọ̀ mí wá nínú àgọ́.
Mo gbà á, mo fi jókòó.
Ìwé ò ní sá. Oòrùn ló ń wọ̀.
Mo ní, "Lọ bá mi ka ẹṣin."
Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ní ogún ni.
Mo ní irọ́ ni,
kó tún lọ kà á.