Ibùsùn Kẹta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Ní Lobitos, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa,
mo ti ń gbá yanrìn.
Yanrìn tí mo gbá lánàá náà ni.
Ó mọ ọ̀nà ilé yìí ju àlejò lọ,
ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sùn sáàárín aṣọ ibùsùn
bí ẹni tó ti sanwó.

Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni àdéhùn wa:
kí n gbálẹ̀, kí n fọ aṣọ ibùsùn,
kí n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì,
kí wọ́n fún mi níbi tí n ó sùn, àti oúnjẹ àárọ̀.
Owó kò sí níbẹ̀. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja,
mo bá fọwọ́ sí i.

Ìyá mi bèèrè lórí fóònù:
“Èló ni wọ́n ń san fún ọ?”
Mo ní òkun ni wọ́n fi ń san án.
Ó dákẹ́ títí.
“Ṣé èyí tó wà nílé ti gbẹ ni?”

Aṣálẹ̀ ló wà lẹ́yìn wa, igi kan kò dúró.
Ẹ̀rọ tó ń fa epo rọ̀bì ń mi orí lókè lọ́hùn-ún
bí alángbá tí kò rẹ́ni yìn ín.
Ẹyẹ òfú méje ń fò létí ìgbì,
ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.
Ingvild ará Nọ́wè ń ka orílẹ̀-èdè tó ti dé:
ìka ọwọ́ tán,
ó bọ́ bàtà.

Yordan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń kọ́ mi ní ìgbì.
Mo ti ṣubú títí n kò kà á mọ́,
iyọ̀ ti wọ imú mi dé ọpọlọ.
“Má wo ẹsẹ̀ rẹ,” ó pariwo,
“ẹsẹ̀ rẹ kò lọ ibì kankan!”

Ibùsùn kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tèmi.
Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sára pákó rẹ̀: EDILBERTO,
lẹ́tà tó kẹ́yìn kéré, bí ẹni pé àyè fẹ́ tán.
Mo bi Dónyà Zoraida. Ó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà.
Èdè Sípáníìṣì mi ń tiro, ó dúró dè é.
“Ọmọ mi ni. Ó wà ní Antofagasta, ní Ṣílè,
ó ń tẹ́ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó di ọdún mẹ́ta.”
“Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?”
“Díẹ̀.”
Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀wà.

Lóru ọjọ́ yẹn, oorun kọ̀ mí.
Èmi tí mo fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀
ni mo wá ń tẹ́ ibùsùn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ẹni
tó kúrò nílé torí kó lè tẹ́ ibùsùn gbowó.
Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé.
Ta wá ni onílé nínú àwa méjèèjì?
Òkun ń fọ ẹnu rẹ̀, ó ń tu ú dà nù,
kò dá sí i.

Ọjọ́ Àìkú, Edilberto pè. Dónyà Zoraida gbé ojú rẹ̀
káàkiri ilé nínú fóònù: ilé ìdáná, ajá, òkun.
Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Mo di aṣọ ibùsùn mọ́ àyà
bí olè tí wọ́n ká mọ́.
“Ìwọ lo ń sùn níbẹ̀?”
Mo ní èmi ni.
“Ṣé ó ṣì ń ké?”

Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn,
mo fi orúnkún mi ibùsùn náà.
Ó ké.
Ó ní kí n tún un mì.