Awẹ́ Méjì

Òkúta kíndìnrín ló gbé mi dé ọsibítù ní Ṣàgámù.
Wọ́n ní kí n sùn gbalaja, kí n má mí.
Ẹ̀rọ náà kùn bí oyin.
Òkúta kò sí mọ́, ó ti bá ìtọ̀ lọ.
Ṣùgbọ́n Dókítà Ọ̀nàsànyà na bírò sí àwòrán:
"Bàbá, egungun ẹ̀yìn yín yìí, èyí tó wà lókè ìdí,
kò padé."

Kò padé!
Ẹ̀yìn tó gbé agbọ̀n obì fún ọdún mọ́kànlélógójì,
láti Ògijó, láti Ìpẹ̀rù,
títí dé ẹ̀bá ọkọ̀ Kánò ní Sábó,
kò sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan.

"Láti inú oyún ni. Kì í ṣe àrùn.
Ẹ ṣáà máa mu omi."
Ohun tó rí sí i nìyẹn: omi.

Mo fọwọ́ wá a lábẹ́ bùbá.
Ibẹ̀ gan-an ni ìṣùpọ̀ irun wà
tí Efúnbọ̀wálé ìyá mi máa ń fi àdín pa,
tí á ní, "Ojú ibi tí mo ti di ọ̀já rẹ ni,
má jẹ́ kí wọ́n fá a."
Ṣé ó mọ̀ ni?
Ilé tí mo lè béèrè sí ti di koríko.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìsọ̀, mo la gbànja kan:
awẹ́ méjì, ojú ààlà láàárín.
Mo wò ó pẹ́ kí n tó jẹ ẹ́.
Mọ́rúfù ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú."
Èmi tí mo máa ń lé e,
mo jẹ́ kó rù ú.
Lónìí nìkan.