Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Lórí Wáyà

Ọ̀gá Bíyáwù ní kí n kọ ọ́ sórí pátákó:
wáàtì, kílówáàtì, mẹ́gáwáàtì, gígáwáàtì.
Mo há wọn sórí bí orúkọ ará ilé àna,
n kò mọ ojú ẹnì kan nínú wọn.

Mo délé, ní ẹsẹ̀ òkè Sábẹ̀,
Ìyá Bọ́nà ń ka iṣu fún oníbàárà Kútọnu,
òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀ fún igba kọ̀ọ̀kan.
"Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?"
Mo ní wáàtì.
"Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo nàka sí gílóòbù ẹnu ọ̀nà:
mẹ́wàá péré nìyí.
Irin ìlọṣọ Wóórú, tó ń mú iná ilé ṣẹ́jú,
ẹgbẹ̀rún ni tirẹ̀. Kílówáàtì kan.
"Igba márùn-ún," ó wí, kò gbójú sókè.
Mẹ́gáwáàtì sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣu.
"Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni o fẹ́ sọ,
o wá ń fi èdè àlejò dẹ́rù bà mí!"

Gígáwáàtì ńkọ́?
Ó dijú. Ètè rẹ̀ ń mì.
"Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀,
kì í ṣe ti owó ẹyọ o, ti ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni:
àpò tí wọ́n fi àpò kún."
Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìṣirò yẹn;
kò sẹ́ni tó rí iye bẹ́ẹ̀ rí nínú wọn.

"Kílówáàtì tí mo fowó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá,
ta ló jí i?"
Ìyá, ẹ ò ra ìyẹn.
Kílówáàtì ni bí ẹsẹ̀ ṣe yá tó,
ibi tí ẹsẹ̀ rìn dé ni wọ́n ń tà fún yín.
Gílóòbù yìí, wákàtí márùn-ún lálẹ́,
ogún alẹ́ ni yóò fi jẹ kílówáàtì-wákàtí kan.
Irin Wóórú, wákàtí kan ṣoṣo, ó ti gbé e mì.
Ó yí ojú sí yàrá Wóórú.
Wóórú yọ irin.

Lálẹ́, iná lọ bó ṣe máa ń lọ.
Wáyà ńlá ń kùn lókè orí oko wa,
ó ń kọjá lọ, kò kí wa.
"Mélòó ló wà nínú ìyẹn?"
N kò mọ̀. Ọ̀gá kò tíì dé ibẹ̀.
Ó fọwọ́ tálẹ̀ wá òkúta tí yóò fi kà á,
ó sọ ọ́ nù, ó fi àgbọ̀n júwe òkè
tó dúdú ju òru lọ lẹ́yìn ilé:
"Bóyá ẹyọ kan yẹn á tó."