Ká Ní Ibà Náà Lọ

Ọdún tí wọ́n fi páànù tuntun bo kíláàsì wa ní Ìkọ̀gòsì,
Tísà Ọwọ́ṣeéní kọ ìbéèrè kan sára pátákó:
"Alẹkisáńdà ará Gíríìkì kú ní Bábílónì,
ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ibà ni.
Ká ní ibà náà lọ ńkọ́?"
Ó nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó jókòó,
ó ń wo òkè lójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò.

A kọ ọ́. Ọwọ́ wa yá sí ogun.
Fadékẹ́ ní yóò kó ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn Lárúbáwá jà.
Ọlátùbọ̀sún ní yóò gba gbogbo etíkun dé ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí.
Èmi ní yóò tún tẹ ogún ìlú dó,
yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ gbogbo wọn,
títí lẹ́tà kò fi ní mọ èyí tí yóò lọ.

Bámitálẹ́ àbúrò mi nìkan ló mú un wálé.
Ó ní ọkùnrin náà yóò la aṣálẹ̀ kọjá, yóò wọ igbó wa;
eṣinṣin ìrù yóò pa ẹṣin rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n;
ọ̀kọ̀ gígùn àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yóò há sáàárín ìtàkùn,
wọn yóò máa gé e kúrú, kúrú, kúrú,
títí yóò fi mọ níwọ̀n igi tí à ń ta iṣu sí.
Yóò gun òkè kan, yóò bá ọba kan.
Yóò ní, "Ṣé ìwọ lo ni gbogbo ùlú?"
Wọn yóò ní, "Rárá o, gun òkè kejì."
Títí ewú yóò fi bò ó lórí,
kò ní í rí ẹni tí yóò ṣẹ́gun tán.
Ìyá arúgbó kan yóò bu iyán fún un,
yóò ní kó kọ́kọ́ fọwọ́.

"Ùlú" ni Bámitálẹ́ kọ, kì í ṣe "ìlú".
Tísà kò fi bírò pupa kàn án.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ló bá dákẹ́.
Ó ní, "Ẹ fún un ní ogójì ọdún sí i, ó dáa.
Lọ́wọ́ ta lẹ ti gbà á?
Ìlú tí ì bá tún jó, ta ló ka àwọn ọmọ inú rẹ̀?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Agogo lù.

Ìbà layé ń ṣe fún ajagun;
ibà ló dá a dùbúlẹ̀.

Bámitálẹ́ pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ́dún tí afárá wó.
Kò gba ìlú kankan. Ó ní oko kòkó méjì,
ọ̀kadà kan tí kì í tètè dáhùn,
gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹni tó ta oògùn kòkó fún un.
Ibà mú un lỌ́jọ́bọ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé,
nọ́ọ̀sì wà ní òdìkejì omi tòun tabẹ́rẹ́ lọ́wọ́.
Ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ kó lè bá wa tó alẹ́,
ọ̀sán gangan ló lọ.

Mo máa ń lọ nígbà mìíràn síbi tí omi gbígbóná
ti ń pàdé omi tútù nísàlẹ̀ òkè.
Mo máa ń ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, mo ń ki èkejì bọ èkejì.
Lẹ́sẹ̀ òsì, ó kú.
Lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó ti di ẹni àádọ́ta,
ó ti pá lórí, ó ń bá mi jà nítorí ààlà oko,
ó ti san gbèsè yẹn, àbí kò tíì san án,
ó ń sọ fọ́mọ rẹ̀ pé ọkùnrin kan wà rí tó jagun dé Ẹ̀fọ̀n.

Tísà, mo ti ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ wa.
Ọdún méjìdínlógún yẹn,
kò sẹ́ni tí à bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò sí ìlú tí ì bá jó.
Ìgbẹ́ oko wa nìkan ni, lẹ́ẹ̀rùn,
kó tó gbin iṣu.